Wúrà Ìperindó àti Ìwé Àkọsílẹ̀

Bí ẹ bá kúrò ní Iléṣà tí ẹ dorí kọ gúúsù, ẹ óò dé Ìperindó, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Àtàkúnmọ́sà. Oko kòkó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ àgbègbè náà, ṣùgbọ́n wúrà wà nínú ilẹ̀ rẹ̀. Ìtàn wúrà yìí yóò kọ́ wa ní ohun tí àkọsílẹ̀ lè ṣe fún òwò, àti ohun tí kò lè ṣe.

Láti nǹkan bí ọdún 1940 sí 1950 ni a ti ń wa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àwọn awawúrà a bu yanrìn odò sínú àwo, wọn a máa fi omi ṣàn án títí yanrìn yóò fi lọ, tí wúrà, nítorí pé ó wúwo, yóò ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀. Ojú àti ọwọ́ ni ìwé wọn. Bí ẹni tí ó mọ ibi tí wúrà pọ̀ sí bá kú, ìmọ̀ rẹ̀ bá a wọ ilẹ̀.

Ní ọdún 1953, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń wádìí ilẹ̀ Nàìjíríà tẹ ìwé kan jáde lórí àpáta àti ilẹ̀ àyíká Iléṣà. A. M. J. de Swardt ni ó kọ ọ́. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn lè bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹni ìṣáájú dé.

Nígbà tí ó yá, a fi ẹ̀rọ lu ihò jíjìn sínú àpáta ní Ṣẹ̀gilọlá, nítòsí Ìperindó. Gbogbo òkúta tí ó jáde ni a fún ní nọ́ńbà: inú ihò wo ni ó ti wá, báwo ni ó ṣe jìn tó, wúrà mélòó ni ó wà nínú rẹ̀? Ihò kan ṣoṣo kò lè sọ òtítọ́. Ìgbà tí a kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú kọ̀ǹpútà ni a tó rí bí wúrà ṣe tò nínú ilẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2021 ni iléeṣẹ́ Thor Explorations, ti ilẹ̀ Kánádà, yọ́ wúrà àkọ́kọ́ níbẹ̀. Nínú tọ́ọ̀nù òkúta kan, wúrà inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí gíráàmù 4 lọ, ìwúwo ṣúgà ṣíbí tíì kan!

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àkọsílẹ̀ rẹpẹtẹ tí àwọn báńkì àti iléeṣẹ́ tẹlifóònù ń kó jọ lónìí. Òkìtì òkúta ni. Kì í ṣe wúrà. Ẹni tí kò bá mọ ìbéèrè tí yóò bi í, òkúta ni yóò máa rù kiri. Bí a bá sì ṣi nọ́ńbà kọ, ibi òfìfo ni a óò gbẹ́.

Àwọn òṣómàáló, bàbá wa, mọ èyí kí kọ̀ǹpútà tó dé. Wọ́n ń ta aṣọ láwìn káàkiri Èkìtì àti Àkókó. Ìtumọ̀ orúkọ wọn ni pé, “N óò lóṣòó síhìn-ín títí n óò fi gbowó mi.” Ṣùgbọ́n ìlóṣòó nìkan kọ́ ni ó ń mú owó wá. Ó yẹ kí wọ́n mọ ẹni tí ó rà, iye tí ó kù lọ́rùn rẹ̀, àti ìgbà tí yóò kórè.

Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ kì í dáhùn ju ohun tí a bi í lọ. Ìwé tí ó mọ ibi tí wúrà wà kò mọ bí omi odò ṣe mọ́ tó kí a tó gbẹ́ ilẹ̀. Ta ni ó kọ ìyẹn sílẹ̀? Bí ẹjọ́ bá dé lọ́la, tí ẹnìkan gbé ìwé wá, tí ẹnìkejì gbé ẹnu nìkan wá, ẹ mọ ẹni tí a óò gbọ́ tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́ tí òjò rọ̀, àwọ̀ omi odò yín, àti iye tí wọ́n ra kòkó bàbá yín. Ẹ kọ ọ́ déédéé, ẹ má purọ́ sí i. Àgbẹ̀ tí kò ka ebè oko rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò bá a kà á.