Macarenia clavigera

Ewéko inú omi ni Macarenia clavigera, ọ̀kan nínú ẹbí Podostemaceae. Odò Caño Cristales ní òkè Serranía de la Macarena, ẹkùn Meta, lórílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, ni òkìkí rẹ̀ ti kàn jù. Kò sí níbòmíràn lágbàáyé yàtọ̀ sí agbègbè náà àti àyíká rẹ̀.

Kì í wá iyẹ̀pẹ̀ kó tó hù. Àpáta líle ìsàlẹ̀ odò ló ń lẹ̀ mọ́ pinpin, níbi tí omi ti ń sáré jù, tí ọ̀gbàrá kò fi ní lè fà á tu. Èyí tí oòrùn bá ń pa dáadáa á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Èyí tó bá wà lábẹ́ òjìji kì í pọ́n bẹ́ẹ̀, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Láti nǹkan bí oṣù Òkúdu sí oṣù Bélú ni pípọ́n yìí máa ń gba odò kan, ẹwà tí àwòrán kò lè sọ tán.

Ìwọ̀n omi ló ń pinnu ohun gbogbo. Bí odò bá kún àkúnya, omi á jìn débi pé ìtànṣán oòrùn kò ní kan ewéko náà tó. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú tí omi fà, ewéko náà á gbẹ mọ́ àpáta.

Ẹsẹ̀ ènìyàn àti ohun ìpara tètè ń pa á lára. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ti Caño Cristales mọ́ àlejò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọn kì í sì í gba ẹni tó fi ìpara oòrùn tàbí oògùn ẹ̀fọn para láàyè láti wọ omi. Òfin tó tọ́ ni. Kí ẹni tó bá ń lọ wo ewéko náà pa òfin yìí mọ́.