Ráútà Olóhùn: Íntàkọ́mù Kan fún Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ráútà olóhùn ni ẹ̀rọ tó ń so fóònù inú ọ́fíìsì kan mọ́ ti ẹ̀ka rẹ̀ tó wà nílùú mìíràn. Ẹni tó jókòó ní Àkúrẹ́ á tẹ nọ́ńbà mẹ́rin péré, fóònù orí tábìlì á dún ní ìlú Oǹdó, láìsan owó ìpè kankan lé owó íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti san tẹ́lẹ̀. Íntàkọ́mù làwọn òṣìṣẹ́ ń pe irú fóònù bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń tún un ṣe ń pe àpótí tó ń darí rẹ̀ ní PABX.

Ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀ka nílùú méjèèjì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Irú rẹ̀ ni ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tó ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́, tó tún ní ní Oǹdó. Irú rẹ̀ náà ni báńkì àti àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba tí olú ọ́fíìsì wọn wà ní Alágbàká ní Àkúrẹ́. Ẹni tó bá rò pé fóònù alágbèéká ti gba iṣẹ́ yìí ṣe kò tíì ronú kan yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lóru. Nọ́ńbà alágbèéká, ẹnìkan ló ni ín, onítọ̀hún sì lè ti lọ sílé. Nọ́ńbà tábìlì, iṣẹ́ ló ni ín: ẹni yòówù tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ni yóò gbé e.

Láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó kò tó kìlómítà 60, síbẹ̀ ìpè láàárín wọn kì í ṣe ohun tó rọrùn láyé NITEL, ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1985. 034 ni kóòdù Àkúrẹ́ nígbà náà. Nígbà tí GSM, fóònù alágbèéká, fi dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, gbogbo ilà tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà kò pé mílíọ̀nù kan. Ọ́fíìsì tó bá fẹ́ ọ̀nà tirẹ̀ á yá ilà lọ́wọ́ NITEL, tàbí kó ri òpó rédíò mọ́lẹ̀, tàbí kó gbé àwo VSAT ka orí òrùlé. Sátẹ́láìtì tí VSAT ń lò ga tó kìlómítà 35,786. Kí ohùn tó gòkè, kó sì sọ̀ kalẹ̀, ó ti gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kan, làwọn méjì tó ń sọ̀rọ̀ á bá máa já lu ọ̀rọ̀ ara wọn.

Ọdún 1995 ni VocalTec, ilé iṣẹ́ kan ní Ísírẹ́lì, gbé ètò tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì gbé ohùn jáde fún títà. H.323, ìlànà tí irú ìpè bẹ́ẹ̀ ń tẹ̀ lé, dé ní 1996, ìlànà SIP dé ní 1999, wọ́n tún un kọ ní 2002, òun ló sì gbayé mọ́ H.323 lọ́wọ́. Ọdún 1999 yẹn náà ni Mark Spencer bẹ̀rẹ̀ Asterisk ní Alabama, ètò ọ̀fẹ́ tó sọ kọ̀ǹpútà lásán di PABX.

Ihò tí wọ́n ń ki okùn bọ̀ ni kí ẹni tó fẹ́ mọ iṣẹ́ ráútà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Irú ihò méjì ló wà. FXS ló ń fúnni ní iná àti agogo, bíi ti ihò ara ògiri tí NITEL máa ń ṣe síni nílé nígbà náà. FXO ló ń gba agogo, bí fóònù ṣe ń gbà á. Bí wọ́n bá ki FXS bọ FXS, kò ní dún láéláé. Lára PABX Panasonic kékeré tó wọ́pọ̀ lọ́fíìsì wa, ihò ilà ìta ni FXS ń wọ̀, ihò fóònù tábìlì ni FXO ń wọ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá á lo E1, okùn kan tó ń gbé ìpè 30 lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé nọ́ńbà Àkúrẹ́ ń fi 2 bẹ̀rẹ̀, ti Oǹdó ń fi 4. Òṣìṣẹ́ kan tẹ 4015. PABX Àkúrẹ́ rí i pé nọ́ńbà náà kò sí nínú ilé, ó tì í sí ráútà. Ráútà wo àtẹ rẹ̀: ohunkóhun tó bá fi 4 bẹ̀rẹ̀, Oǹdó ni kó gbé e lọ. Ráútà Oǹdó gbà á, ó fa 4015 lé PABX tirẹ̀ lọ́wọ́, agogo dún. Látìgbà náà ni àwọn ráútà méjèèjì á ti máa gé ohùn sí ègé-ègé, ègé 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìlànà G.711 ń lo kílóbíìtì 64 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan fún ohùn nìkan, G.729 ń fún un mọ́ra di 8. Àmọ́ àdírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń kọ sára ègé kọ̀ọ̀kan gba báìtì 40, nígbà tí ohùn G.729 inú rẹ̀ kò ju báìtì 20 lọ. Àpò ìwé wá wúwo ju lẹ́tà lọ. Ìdí nìyí tí ìpè G.729 kan fi ń jẹ kílóbíìtì 24, tí ti G.711 ń jẹ 80. Ìpè mẹ́wàá G.729 kò ju 240 lọ, èyí tí íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì tó mọ níwọ̀n lè gbé.

Ọ̀nà tí ohùn ń gbà ló ń ba nǹkan jẹ́ ju bí ọ̀nà náà ṣe fẹ̀ tó lọ. ITU, àjọ àgbáyé fún ìbánisọ̀rọ̀, ní kí ìdádúró ohùn lápá kan má ju ìdá 150 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Nínú okùn fáíbà, Àkúrẹ́ sí Oǹdó kò gba ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún yẹn. Ṣùgbọ́n bí ọ́fíìsì kan bá ra íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan, tí ìkejì ra tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó ṣeé ṣe kí ohùn lọ dé Èkó kí àwọn méjèèjì tó pàdé. Kí IXPN, ibùdó tí àwọn ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti ń pàdé ní Nàìjíríà, tó dé ní nǹkan bí 2007, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ti ń wáyé. Lójú tèmi, ọwọ́ ilé iṣẹ́ kan náà ló yẹ kí ẹ ti ra ọ̀nà nílùú méjèèjì, kí ẹ sì ní kí wọ́n ya ti ohùn sọ́tọ̀, kí fídíò tí ẹnìkan ń wò ní yàrá kejì má baà gé ọ̀rọ̀ dókítà.

Àwọn kan ti wá ń yá PABX tó wà lórí kọ̀ǹpútà òkè òkun. Ewu tó wà níbẹ̀ rèé: ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire, báńkì Nàìjíríà sì rí ìyà rẹ̀. Ìpè tó bá kúrò ní Àkúrẹ́ tààrà sí Oǹdó kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú òkun. Èyí tó bá ní láti gba àṣẹ lókè òkun kó tó dún lè kú sọ́nà.

Iná náà ńkọ́? Láyé NITEL, fóònù máa ń gba iná fóltì 48 láti ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn. Ráútà kò ní irú ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí BEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná, bá mú iná lọ, ínfátà gbọ́dọ̀ gbé ráútà, PABX, àti rédíò orí òpó pọ̀. Tí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú wọn, ìpè ti já nìyẹn. Okùn tó bá sì gba ìta kọjá gbọ́dọ̀ ní irin tí a rì mọ́lẹ̀ tí yóò gba agbára àárá, torí òjò Àkúrẹ́ kì í fi àárá ṣeré.

NITEL ti wọlẹ̀, NATCOM sì gba ohun ìní rẹ̀ lọ́dún 2015. Káàdì SIM inú gateway, àpótí tó ń so PABX mọ́ fóònù alágbèéká, ló wá dípò ilà ìta lọ́pọ̀ ọ́fíìsì, ráútà sì lè yà sí i fúnra rẹ̀ nígbà tí ọ̀nà Oǹdó bá já. Èyí tí ọ́fíìsì ń lò fún ìpè ara rẹ̀ nìyẹn. Kí ẹnìkan máa fi irú àpótí yẹn gba ìpè láti òkè òkun wọlé, kó wá dà á jáde bí ìpè abẹ́lé, òun ni wọ́n ń pè ní SIM box, NCC, àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, sì kà á sí ìwà ọ̀daràn.