Ta Ni Yóò San Án? Ìtàn Ìgbín Inú Ìgò àti Àwọn Tó Ń Ta Oúnjẹ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé àwọn tó ń gbé inú ilé kan náà nìkan ni òwe yìí ń bá wí. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ fi ìtàn ẹjọ́ kan tó wáyé ní ilẹ̀ Scotland ṣàlàyé pé òwe náà kan ẹni tó ń se oúnjẹ tà àti ẹni tó ń jẹ ẹ́, bí wọn kò tilẹ̀ mọ ara wọn rí. Mo sì fẹ́ sọ ìdí tí ẹ̀tọ́ tí kóòtù fún ẹni tó jẹun kò fi pé bí kò bá sí owó nílẹ̀ tí a ó fi san án.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó mú mi ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá mi ń ta oúnjẹ ní Ìbàdàn. Ó ń ta àmàlà, ẹ̀wà àti ìrẹsì nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó ní bẹ́ǹṣì mẹ́rin. Ní ọjọ́ kan, nígbà tí mo wà ní JSS 3, omi tí mo fi ń fọ àwo dà mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Kí n tó mú àkísà dé láti nù ún, bàbá kan tó jẹ́ oníbàárà wa ti tẹ omi náà. Ó yọ̀, ó ṣubú, apá rẹ̀ ọ̀tún sì kán. Bíríkìlà ni bàbá náà, ẹni tí apá rẹ̀ kán kò sì lè mọlé. Ìyá mi san owó ilé ìwòsàn. Ó tún ń fún un ní owó oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Fírísà wa ló tà kí ó tó lè ṣe gbogbo rẹ̀. Bàbá náà kò pè wá lẹ́jọ́. Ohun tó kàn ń sọ ni pé, "Ìyá Bọ́lá, mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn ọmọ mi yóò jẹ?"

Ìbéèrè bàbá yìí ni mo gbé lọ sínú ìtàn. Bí oúnjẹ tàbí ilé oúnjẹ bá pa ènìyàn lára, ta ni yóò san án, níbo ni owó náà yóò sì ti wá?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 1928, obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ May Donoghue kúrò ní Glasgow lọ sí ìlú Paisley tó wà nítòsí. Ẹni 30 ọdún ni, ó ń bá wọn tajà nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sì lówó lọ́wọ́. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wọ ilé oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní Wellmeadow Café. Ọ̀rẹ́ yìí ló sanwó. Ó ra áìsìkiriìmù fún May, pẹ̀lú ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a fi atalẹ̀ ṣe, èyí tí wọn yóò dà lé e lórí. Ìgò náà dúdú débi pé ojú kò lè rí inú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ ọ̀gbẹ́ni David Stevenson tó ṣe ọtí náà sì ti dé e pa. Ẹni tó ni ilé oúnjẹ ṣí ìgò, ó da díẹ̀ lé áìsìkiriìmù náà, May sì jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá da ìyókù jáde, May sọ pé òkú ìgbín tó ti jẹrà bọ́ síta láti inú ìgò náà.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Lọ́dọ̀ tiwa, oúnjẹ iyì ni ìgbín. Ṣùgbọ́n èyí tí à ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí a fọ̀ mọ́ tí a sì fi ata dín. May ní inú bẹ̀rẹ̀ sí í run òun. Ó lọ rí dókítà, nígbà tó sì di oṣù kẹsàn-án, wọ́n gbà á sí ilé ìwòsàn ní Glasgow.

Ta wá ni yóò pè lẹ́jọ́? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti di ìṣòro. Ní ayé ìgbà náà, àdéhùn ni òfin ń wò. Bí o bá ra nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan, ìwọ àti ẹni náà ti bára yín ṣe àdéhùn, o sì lè pè é lẹ́jọ́ bí nǹkan náà bá bàjẹ́. Ṣùgbọ́n May kọ́ ló ra ọtí yìí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Kò bá onílé oúnjẹ ṣe àdéhùn, kò sì bá Stevenson tó ṣe ọtí ṣe àdéhùn. Bẹ́ẹ̀ ni onílé oúnjẹ kò lè rí inú ìgò náà. Lójú òfin ìgbà náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé May jẹ ìyà náà gbé.

Agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Walter Leechman gba ẹjọ́ náà. Ọkùnrin yìí láyà. Ní oṣù kẹta ọdún 1929, ilé-ẹjọ́ ní Scotland ṣẹ̀ṣẹ̀ dá àwọn oníbàárà rẹ̀ lẹ́bi nínú ẹjọ́ tó jọ èyí, níbi tí wọ́n ti ní òkú eku wà nínú ìgò ọtí atalẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù kẹrin ọdún kan náà, ó gbé ẹjọ́ May dìde. Ó béèrè 500 pọ́n-ùn lọ́wọ́ Stevenson. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní ẹjọ́ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 1930, àwọn adájọ́ àgbà ní Scotland yí ìdájọ́ yẹn padà. Ó wá ku House of Lords ní London nìkan, èyí tó jẹ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù nígbà náà. Kí wọ́n tó lè gbà á láyè láti lọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aláìní, May búra pé gbogbo ohun tí òun ní láyé kò tó 5 pọ́n-ùn.

Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 1932, ìdájọ́ dé. Adájọ́ márùn-ún ló jókòó. Àwọn mẹ́ta gbè é, àwọn méjì kò gbè é. Lord Atkin ló sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé wá ń rántí. Ó mú ìtàn aláàánú ará Samáríà inú Bíbélì lò. Ó ní Bíbélì pàṣẹ pé kí a fẹ́ràn ọmọnìkejì wa, òfin sì wá sọ ọ́ di pé a kò gbọdọ̀ ṣe ọmọnìkejì wa ní jàǹbá. Ta ni ọmọnìkejì wa lójú òfin? Ẹnikẹ́ni tó bá yẹ kí a ti ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tí a ń ṣe iṣẹ́ wa ni, nítorí pé ìwà wa lè kàn án tààrà. Ẹni tó ṣe ohun mímu tó sì dé e pa mọ́ inú ìgò mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀ wá mu ún. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ẹni náà, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Èyí ni mo ṣe ní òwe ará ilé àti kòkòrò búburú bá ọ̀rọ̀ náà mu. Ohun tí àwọn baba wa fi òwe sọ ni Lord Atkin fi òfin sọ: ará ilé wa kì í ṣe ẹni tí ògiri kan náà yí wa ká nìkan.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí. Kóòtù kò wádìí bóyá ìgbín wà nínú ìgò náà ní tòótọ́. Ohun tí House of Lords sọ ni pé bí ohun tí May wí bá jẹ́ òótọ́, ó ní ẹ̀tọ́ láti gba owó. Ó yẹ kí ẹjọ́ padà sí Scotland kí wọ́n gbọ́ ẹ̀rí, ṣùgbọ́n Stevenson kú ní oṣù kọkànlá ọdún 1932, wọ́n sì parí ọ̀rọ̀ náà láìdé kóòtù mọ́. Láti ọjọ́ tí May mu ọtí náà, ó ti lé ní ọdún mẹ́rin.

Ìlànà yìí kò dúró sí Scotland. Láti ọdún 1863 ni àwọn òyìnbó ti mú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ Èkó, nígbà tó sì yá ó tàn ká gbogbo Nàìjíríà. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan pe ilé-iṣẹ́ Niger Biscuit lẹ́jọ́ pé òun bá eyín jíjẹrà nínú bisikíìtì, ọ̀rọ̀ ìgbín Paisley ni adájọ́ tẹ̀ lé nínú ìdájọ́ ọdún 1973. Ó ní ẹni tó jẹ bisikíìtì kò nílò láti tọ́ka sí òṣìṣẹ́ tó ṣe àṣìṣe gan-an, ó sì dá ilé-iṣẹ́ náà lẹ́bi. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa ló jàre o, nítorí ẹ̀rí ṣòroó kó jọ. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 wá tún fi ẹsẹ̀ ẹ̀tọ́ yìí múlẹ̀ sí i.

Ẹ̀tọ́ ti wà. Owó ńkọ́? Ká ní bàbá bíríkìlà pe ìyá mi lẹ́jọ́, tí adájọ́ sì dá a láre, kí ni yóò gbà? Fírísà kan ni. Bí ìpalára náà bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí àpẹẹrẹ kí oúnjẹ kan kó àìsàn bá ogún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ìyá mi kò tó o san. Ìdájọ́ lórí ẹni tí kò ní nǹkan dà bí kí a lọ fún omi nínú òkúta. Ẹni tó fara pa kò rí owó, ẹni tó ń tajà sì pàdánù iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tí adójútòfò wà fún nìyí. Àwọn olóúnjẹ púpọ̀ yóò máa san owó díẹ̀ lọ́dọọdún sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Bí oníbàárà ẹnì kan nínú wọn bá fara pa nítorí àìṣọ́ra olóúnjẹ, ilé-iṣẹ́ náà ni yóò san owó ìtọ́jú àti owó gbà-má-bínú, títí dé iye tí wọ́n kọ sínú ìwé. Àwọn kan máa ń fi èyí wé àjọ, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà. Nínú àjọ, owó tí o dá gan-an ni o ó kó. Nínú adójútòfò, bí aburú kò bá ṣẹlẹ̀ sí ọ, owó rẹ yóò ti ran ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ pín sí ọ̀nà méjì fún olóúnjẹ. Ọ̀kan wà fún jàǹbá tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé oúnjẹ, bíi ti ẹni tó yọ̀ ṣubú. Èkejì wà fún ìpalára tí oúnjẹ fúnra rẹ̀ fà, bíi ti May. Kò yẹ kí olóúnjẹ ra ọ̀kan kí ó máa rò pé òun ti ra méjèèjì. Lẹ́yìn náà, adójútòfò kì í bo ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ta oúnjẹ tó ti bàjẹ́. Ìmọ́tótó ṣì ni àkọ́kọ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di òní, òfin fi dandan mú agbanisíṣẹ́ láti ra adójútòfò nítorí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ti oníbàárà kì í ṣe dandan. Ní Nàìjíríà, òfin adójútòfò ọdún 2003, tí òfin tuntun rọ́pò ní ọdún 2025, sọ ọ́ di dandan fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ láti ṣòwò. Àwọn ewu tó dárúkọ ni ilé wíwó, iná, ilẹ̀ mímì, ìjì àti àgbàrá. Omi àwo tó dà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí mo ka àròkọ yìí fún ìyá mi, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé wọ́n á san án lóòótọ́ bí ọjọ́ bá pé?" Ìbéèrè gidi ni, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò fọkàn tán àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Mo sọ fún un pé àjọ ìjọba tó ń mójú tó wọn wà láti ọdún 1997, orúkọ rẹ̀ ni NAICOM, àti pé kí ó má ṣe fọwọ́ sí ìwé kankan tí a kò bá tíì kà tán. Ó ní òun yóò gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn olóúnjẹ. Ó ní owó ẹnì kan lè máà ká a, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pa owó pọ̀, bóyá yóò ṣeé ṣe.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, òwe kan tún sọ pé ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi náà da omi síwájú lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú omi tí òwe ń wí. Apá bàbá bíríkìlà ti san, ó sì tún ń wá jẹun lọ́dọ̀ wa. Àwa kò tíì ra fírísà mìíràn.