Èkúté Tó Tú Àṣírí Fòníkú-Fọ̀ladìde

Ìtàn tòní kan gbogbo ilé tí ọmọ ti ń ké lóru pé egungun ń ro òun.

Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n. A ó bí ọmọ, yóò sanra dáadáa fún oṣù mélòó kan. Lẹ́yìn náà ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wú, ẹyinjú rẹ̀ yóò dà bíi ti ẹni tí ibà apọ́njú mú. Bí ó bá kú, wọn a ní àbíkú ni, wọn a sì máa wo ìyá rẹ̀ níwòkuwò. Kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo ló pa gbogbo ọmọ tí a pè bẹ́ẹ̀, nítorí ibà náà ń pa ọmọ. Ṣùgbọ́n a ti wá mọ̀ pé àwọn ọmọ SS wà lára wọn.

Kí ló dé tí ọmọ náà fi kọ́kọ́ sanra? Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn wà.

Ní 1910, James Herrick, dókítà kan ní Chicago, kọ̀wé nípa akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá láti Grenada. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́kùnrin náà kò rí roboto bó ṣe yẹ. Ó tẹ̀ bíi dòjé. Ẹ̀jẹ̀ tó bá tẹ̀ báyìí ló ń há sínú iṣan, tí egungun fi ń ro ọmọ.

Ní 1948, Janet Watson, dókítà obìnrin kan ní New York, kíyè sí i pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun tó jẹ́ SS kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀. Irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń lò nínú ìyá rẹ̀ ló ń dáàbò bò ó. Láàárín oṣù mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ ọmọ-inú yìí a dínkù, ti àgbà a gba ipò rẹ̀, àìsàn a sì dé. Ta ló wá ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ-inú? Ọgọ́ta ọdún kọjá kí èsì tó dé, èkúté sì wà lára àwọn tó mú un wá.

Jíìnì ni àṣẹ tí ọmọ gbà lára bàbá àti ìyá, tí ara fi ń mọ ohun tí yóò ṣe. Onímọ̀ tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ jíìnì kan a mú un kúrò lára èkúté, a wá wo ohun tí yóò yí padà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ iyọ̀, kó se ọbẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i.

Ní 2003, wọ́n mú jíìnì tí wọ́n ń pè ní BCL11A kúrò lára èkúté pátápátá. Àwọn ọmọ èkúté náà kú ní kété tí a bí wọn, wọn kò sì ní irú ọmọ-ogun ẹ̀jẹ̀ kan tí ń bá àrùn jà. Ní 2008, Vijay Sankaran, Stuart Orkin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Boston rí i pé jíìnì yìí kan náà ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ-inú. Ìránṣẹ́ kan, iṣẹ́ méjì! A kò lè lé e kúrò nílé tán.

Ní 1997, wọ́n ṣe èkúté tó ní jíìnì SS ti ènìyàn. Ní 2011, àwọn Orkin mú irú èkúté bẹ́ẹ̀, wọ́n dá BCL11A dúró níbi tí ẹ̀jẹ̀ pupa ti ń hù nìkan. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ-inú padà wá, àìsàn náà sì fi èkúté sílẹ̀.

Ọ̀nà yìí ni wọ́n tọ̀ dé ara ènìyàn. Ní 2019, wọ́n tọ́jú Victoria Gray ní Amẹ́ríkà bẹ́ẹ̀. Ní ìparí 2023, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú náà, Casgevy. Owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ.

Ẹ má sọ̀rètí nù. Oògùn oníhóró kan wà, hydroxyurea, tó ń dá díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ-inú padà. Láti 1995 ni ìwádìí ti fi hàn pé ó ń dín ìrora kù. Ó wà ní Nàìjíríà. Dókítà nìkan ni kó fún yín, kó sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ lò ó.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2006 pé bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, àti pé nǹkan bí 150,000 ọmọ SS ni a ń bí níbí lọ́dọọdún. Nítorí náà:

1. Kí àwọn ọmọ wa yẹ jẹ́nótáìpù wọn wò kí wọ́n tó fẹ́ra. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ lè jẹ́ SS.
2. Ẹ yẹ ti ọmọ tuntun náà wò, ẹ má dúró de ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá wú.
3. Ọmọ SS gbọ́dọ̀ sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn, kó sì máa mu omi dáadáa. Bí ibà bá mú un, ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni.
4. Ilé iṣẹ́ Sickle Cell Foundation Nigeria, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akínyanjú dá sílẹ̀ ní 1994, wà ní Ìdí-Àràbà, l'Ékòó.

Bàbá àti ìyá ló jọ fún ọmọ ní SS. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún na ìka sí ìyá nìkan. Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á sétí àwọn tí kò lè kàwé, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn.