Gírámà Láìsí Ìtumọ̀: Ẹ̀kọ́ Láti Ilẹ̀ Èkìtì

Ní ọdún 1933 ni Henry Dallimore, àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá ilé-ẹ̀kọ́ Christ's School sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì. Lásìkò náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ ìjọba. Láti Cambridge ni wọ́n ti ń ṣètò ìdánwò oníwèé mẹ́wàá. Ọdún 1952 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá àjọ WAEC sílẹ̀. Ẹni tí ó bá kùnà Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà rẹ̀ dí. Abájọ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń há ọ̀rọ̀ ńláńlá inú ìwé atúmọ̀-èdè sórí, tí ará ìlú sì ń ka ẹni tí gírámà rẹ̀ kò yé ẹnikẹ́ni sí ọ̀mọ̀wé pàtàkì.

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀nà tí àwọn aṣáájú là nìyẹn. Ní ọdún 1843, àádọ́rùn-ún ọdún ṣáájú Christ's School, Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ọ̀kan lè tan ìmọ́lẹ̀ sí èkejì.

Níyì Ọ̀ṣúndáre, ọmọ Ìkéré-Èkìtì tí wọ́n bí ní 1947, kàwé ní Christ's School. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ahunṣọ ni ìyá rẹ̀. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ní Yunifásítì Ìbàdàn. Kò sí ọ̀rọ̀ líle tí ó lè dẹ́rù bà á. Síbẹ̀, nígbà tí ó gbé ìwé ewì Songs of the Marketplace jáde ní 1983, èdè tí yóò yé ará ọjà ni ó yàn. Ìwé rẹ̀ mìíràn, The Eye of the Earth, gba ẹ̀bùn ewì Commonwealth ní 1986.

Ilé-Ifẹ̀ fi ẹ̀rí kún un. Láti 1970, Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní iṣẹ́ gbogbo fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Lónìí, ọ̀pọ̀ òbí ní Adó ń fòfin de Yorùbá nínú ilé kí Gẹ̀ẹ́sì ọmọ lè dán. Ọmọ á mọ ọ̀rọ̀ pè, ṣùgbọ́n kò ní rí ibi tí yóò gbé ìtumọ̀ rẹ̀ lé. Àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì wọn jinlẹ̀ nínú ìtàn yìí kò fi èdè ìyá wọn san owó rẹ̀. Bí ọmọ bá gbé ọ̀rọ̀ tuntun ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, ìbéèrè kan ló yẹ kí òbí bi í: kí ni à ń pè é nílé wa?