ṢÚGÀ: BÍ ADÙN ṢE DI BÁRAKÚ

Àwọn baba wa kò fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ ṣeré. Wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Nínú àlọ́ wọn, Àjàpá ni wọ́n gbé ẹ̀wù wọ̀bìà wọ̀, ojú a sì ti tì í níwájú gbogbo ẹranko kí àlọ́ tó parí. Lójú tiwọn, ìwà ni àjẹjù. Ẹni tó bá lè kó ara rẹ̀ níjàánu yóò mọ ìgbà tó yẹ kí òun ṣíwọ́. Ẹni tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni yóò máa jẹ àjẹkì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń rò títí di òní. Bí a bá gbọ́ pé àtọ̀gbẹ ń ṣe ẹnì kan, kì í pẹ́ tí aládùúgbò kan yóò fi sọ lábẹ́lẹ̀ pé ẹnu onítọ̀hún ló kó o sí i. Èmi kò sọ pé àwọn àgbà ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kan wà tí ìtàn rẹ̀ kò jẹ́ kí n lè gbà pé ìwà ẹni tó ń jẹ ẹ́ nìkan ló fa ohun tó ń ṣe é. Oúnjẹ náà ni ṣúgà. Wọ́n gbin ìfẹ́ rẹ̀ sí ènìyàn lára ni, wọ́n bomi rin ín, wọ́n sì kórè owó lórí rẹ̀.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tó bá ohun tí mò ń wí mu ju wọ̀bìà lọ. Ọ̀rọ̀ náà ni bárakú. Ohun tó bá ti di bárakú fún ènìyàn ti kúrò ní ohun tó kàn wù ú. Ó ti di ohun tí kò lè ṣe aláìṣe. Tábà àti ọtí ni a sábà máa ń lo ọ̀rọ̀ yìí fún. Ní ọdún 1956, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Theron Randolph, kọ̀wé pé oúnjẹ náà lè di bárakú bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Princeton ṣe àlàyé bí àwọn eku tí wọ́n ń fún ní omi ṣúgà ní àkókò kan, tí wọ́n sì ń fi í dù wọ́n ní àkókò mìíràn, ṣe ń hùwà bí ẹni tí oògùn olóró ti mú lẹ́rú. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Yunifásítì Yale gbé ìwé ìbéèrè kan jáde tí a lè fi mọ ẹni tí oúnjẹ ti di bárakú fún. Awuyewuye ṣì wà lórí rẹ̀ o. Ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi ń to àrùn lẹ́sẹẹsẹ, èyí tí wọ́n tún tẹ̀ ní ọdún 2013, kò ka bárakú oúnjẹ mọ́ àrùn. Ẹ jẹ́ kí a fi ìjà yẹn sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín, kí a wo ìtàn.

Adùn kò ṣàjèjì sí wa kí ṣúgà tó dé. Oyin wà nínú igbó. Àgbáyun wà pẹ̀lú, èso kékeré pupa tí í sọ kíkan di dídùn lẹ́nu ẹni tó bá kọ́kọ́ lá a. Ṣùgbọ́n ta ni í rí oyin jẹ lójoojúmọ́? Oró ń bẹ nídìí rẹ̀, àsìkò sì wà fún un. Ìrèké gan-an, ilẹ̀ New Guinea ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìn ín. Àwọn ará Íńdíà ló kọ́ bí a ti ń se omi rẹ̀ títí yóò fi dì. Àwọn Lárúbáwá gbé ọgbọ́n náà dé etí òkun Mẹditaréníà. Àwọn Potogí gbin ìrèké sí erékùṣù Madeira àti São Tomé, ẹrú ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n sì fi ń ṣe iṣẹ́ náà ní São Tomé. Nígbà tí Columbus ń rin ìrìnàjò rẹ̀ kejì ní ọdún 1493, ó gbé ìrèké lọ sí erékùṣù tí orílẹ̀-èdè Haiti wà lórí rẹ̀ lónìí.

Ní Yúróòpù ní àkókò yẹn, oògùn àti ohun afẹ́ ọlọ́lá ni ṣúgà. Àlejò ará Jámánì kan, Paul Hentzner, rí Ọbabìnrin Elizabeth ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1598, ó sì ṣàkíyèsí pé eyín rẹ̀ ti dúdú. Ṣúgà àlájù ni ó ní ó fà á. Ẹ kíyè sí i pé ọba ni ìyọnu náà kọ́kọ́ bá, kì í ṣe tálákà. Tálákà kò rówó rà á.

Bí tálákà ṣe wá rówó rà á ni gbọ̀ngbọ̀n ìtàn yìí, àwọn ènìyàn wa sì wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ẹrú ló sọ ṣúgà di ọjà pọ́ọ́kú. Ní ọdún 1700, nǹkan bí ìwọ̀n pọ́ùn 4 ni ṣúgà tó ń kan ènìyàn kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún. Nígbà tó fi di 1800, ó ti tó nǹkan bí pọ́ùn 18. Ní ọdún 1874, ìjọba wọn mú owó orí kúrò lórí rẹ̀ pátápátá, ni tíì ṣíṣúgà àti búrẹ́dì oníjáàmù bá di oúnjẹ òṣìṣẹ́ tí kò rí àyè dáná. Kò ṣe wọ̀bìà. Oúnjẹ tó wọ́n níye jù lọ tó lè mú un dúró di ìrọ̀lẹ́ kò sí, èyí tó pọ́ọ́kú ló rí rà.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló bá ara wọn nínú oko ìrèké ní Kúbà, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Lukumí, àti ní Bahia ní Bràsíl, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Nàgó. Bí àkókò ìkórè bá dé, tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń fún ìrèké, tí wọ́n ń sè é. Obìnrin Lukumí kan, Carlota, wà lára àwọn tó ṣíwájú ọ̀tẹ̀ oko ìrèké Triunvirato ní Matanzas ní oṣù kọkànlá ọdún 1843. Ojú ìjà náà ló kú sí. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó dópin ní Kúbà, ọdún 1888 ní Bràsíl. Bí a bá ń ka ìtàn òrìṣà tó la òkun kọjá, ó yẹ kí a máa rántí ohun tí wọ́n ń fi àwọn olórìṣà náà ṣe láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹ̀rí tó wọ̀ mí lára jù lọ wá láti inú ogun. Ní oṣù kìíní ọdún 1940, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé pín ṣúgà fún àwọn ará ìlú nítorí ogun Hitler. Ní ọdún 1942, wọ́n fi súìtì kún un. Ogun parí ní 1945, ìpín kò parí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1949, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ súìtì máa rà á bó ti wù ú. Kí ló ṣẹlẹ̀? Àwọn ènìyàn ya bo ilé ìtajà débi pé nígbà tó di oṣù kẹjọ, ìjọba ní láti dá ìpín padà. Ọdún 1953 ni wọ́n tó fòpin sí i pátápátá, ṣúgà tí ènìyàn kan ń jẹ lójúmọ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láàárín ìgbà díẹ̀.

Ní ọdún 2024, àwọn onímọ̀ mẹ́ta tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science. Wọ́n fi àwọn tí ìyá wọn lóyún wọn kí ìpín tó dópin wé àwọn tí wọ́n lóyún wọn lẹ́yìn rẹ̀. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 60 ènìyàn ni wọ́n yẹ̀ wò. Àwọn tí ṣúgà kò pọ̀ fún láti inú oyún títí di ọmọ ọdún méjì ni àtọ̀gbẹ oríṣi kejì kò wọ́pọ̀ lára wọn nígbà tí wọ́n dàgbà: ewu rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru fi nǹkan bí 20 dín. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò tíì lè sọ̀rọ̀, kí á tó wá sọ pé ó kó ara rẹ̀ níjàánu.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara kò ṣòro láti yé ni. Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpòlùkù tó ń tú ínsúlíìnì sínú ẹ̀jẹ̀ kí ara lè rí ṣúgà lò. Bí ènìyàn bá ń jẹ ju ohun tí ara ń fẹ́ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó sì ń sanra sí i, ara lè bẹ̀rẹ̀ sí í di etí sí ínsúlíìnì. Ṣúgà á wá kún inú ẹ̀jẹ̀, a máa bá ìtọ̀ jáde. Ìdí nìyí tí èèrà fi í ṣù bo ìtọ̀ alátọ̀gbẹ, ohun tí àwọn oníṣègùn Íńdíà ti ṣàkíyèsí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ẹni tó lá ṣúgà lónìí yóò ní àtọ̀gbẹ lọ́la. Ìdílé ẹni àti ìjókòó sójú kan ní ipa tiwọn. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọlé, ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ ló máa ń gbógun tì.

Àwọn oníṣúgà kò sì sùn. Ní ọdún 1967, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Harvard kọ àpilẹ̀kọ tó di ẹ̀bi àrùn ọkàn ru ọ̀rá, tó sì fi ojú kékeré wo ti ṣúgà. Ọdún 2016 ni ayé tó mọ̀ pé ẹgbẹ́ àwọn oníṣúgà ló sanwó fún un. Nígbà tí John Yudkin ní Lọ́ńdọ̀nù kọ ìwé láti kìlọ̀ ní 1972, ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò kà á sí.

Nílẹ̀ wa, ọdún 1953 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ Coca-Cola sínú ìgò ní Èkó. Ní 1964, ilé-iṣẹ́ ṣúgà Bacita, létí odò Ọya, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Inú gbogbo ènìyàn dùn, ó sì yẹ kó dùn, nítorí iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún ọmọ ènìyàn. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, ẹlẹ́rìndòdò àti bisikíìtì ni àwọn tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ń tà ju ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2015 pé kí ṣúgà tí a ń bù sí oúnjẹ má kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí oúnjẹ òòjọ́ ń fún ni; fún àgbàlagbà, èyí jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 50. Agolo ẹlẹ́rìndòdò kan lásán lè ní tó 35.

Òfin Ìnáwó ti ọdún 2021 fi náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ẹlẹ́rìndòdò oníṣúgà, kí ó lè wọ́n díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń mu ún. Bí a bá ṣírò rẹ̀, náírà 5 ló kan ìgò onílítà ààbọ̀-ìdajì, ìyẹn èyí tí àwọn ọmọ ń rà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́.