Okùn Bíríkìlà Ṣáájú Àṣẹ Bíṣọ́ọ̀bù: Orísun Ètò Inú Ṣọ́ọ̀ṣì Baroque

Wúrà, ère àti àwòrán áńgẹ́lì ni ojú kọ́kọ́ ń rí nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ́ ní àṣà Baroque, èyí tó gbajúmọ̀ ní ọ̀rúndún 17, ní ìlú Róòmù. Lábẹ́ ọ̀ṣọ́ wọ̀nyí ni ètò mìíràn wà, èyí tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró: onígun mẹ́ta, òbìrí, ìrísí ẹyin, onígun mẹ́fà àti onígun mẹ́jọ, tí a fi kọ́ńpáàsì àti okùn wọ̀n. Ìtàn kan ti gbilẹ̀ nípa ibi tí ètò yìí ti wá. Wọ́n ní nígbà tí Martin Luther àti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ya kúrò nínú Ìjọ Àgùdà, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ṣe àpérò ní ìlú Trent láti 1545 sí 1563. Níbẹ̀, wọ́n ní, ni wọ́n ti pinnu láti fi ẹwà fa ọkàn àwọn èèyàn padà, tí àwọn àlùfáà Jésúìtì sì mú ìpinnu náà ṣẹ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Gesù ní Róòmù. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ìtàn náà, ṣùgbọ́n ó fi ẹni tó san owó sípò ẹni tó fa ìlà.

Oṣù Kejìlá 1563, nígbà tí àpérò Trent ń parí lọ, ni àṣẹ rẹ̀ lórí ère àti àwòrán jáde. Àṣẹ náà ní kí ère máa wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kí ọ̀wọ̀ tí a ń fún un jẹ́ ti ẹni mímọ́ tó dúró fún, kí ìgbàgbọ́ asán àti ìwà ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ má ṣe bá a rìn, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé àwòrán tó ṣàjèjì kalẹ̀ láìgba ìyọ̀ǹda bíṣọ́ọ̀bù. Kò sọ bí ògiri yóò ṣe tẹ̀, kò sì sọ bí òrùlé yóò ṣe rí. Carlo Borromeo, Kádínà àti bíṣọ́ọ̀bù àgbà Milan, ló gbìyànjú láti sọ ẹ̀kọ́ Trent di ìlànà ilé kíkọ́ nínú ìwé tó gbé jáde ní 1577. Ìrísí àgbélébùú ló yàn fún ṣọ́ọ̀ṣì. Lójú rẹ̀, ilé róbótó jẹ mọ́ tẹ́ḿpìlì àwọn abọ̀rìṣà ayé àtijọ́. Bó bá jẹ́ pé àṣẹ ìjọ ló bí ètò Baroque, òbìrí àti ìrísí ẹyin tó gbajúmọ̀ ní Róòmù ní ọ̀rúndún 17 ì bá má wáyé rárá.

Ṣọ́ọ̀ṣì Gesù gan-an kò gbe ìtàn náà. Ayàwòrán ilé Vignola ló ya àwòrán rẹ̀. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1568, wọ́n sì yà á sí mímọ́ ní 1584. Kádínà Alessandro Farnese ló ń san owó, òun ló sì pa á láṣẹ pé kí wọ́n mọ òrùlé rẹ̀ ní títẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Jésúìtì ń ṣàròyé pé ohùn oníwàásù yóò máa ró padà. Ó lé ní 90 ọdún tí òrùlé náà fi wà láìní àwòrán. Láàárín 1676 sí 1679 ni Giovanni Battista Gaulli tó ya àwọn áńgẹ́lì àti ìmọ́lẹ̀ ọ̀run tí àlejò ń gbójú sókè wò níbẹ̀ lónìí. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, àpérò Trent ti tú ká láti 113 ọdún sẹ́yìn.

Ìrísí ẹyin ti wà nínú ìwé kí Trent tó pa àṣẹ kankan. Ní 1545, Sebastiano Serlio tẹ ìwé jiọ́mẹ́tìrì kan jáde ní Paris, ó sì fi ọ̀nà mẹ́rin hàn tí oníṣẹ́ lè fi kọ́ńpáàsì ya ìrísí ẹyin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1550, Vignola fi òrùlé onírìísí ẹyin bo ṣọ́ọ̀ṣì kékeré Sant'Andrea ní ojú ọ̀nà Flaminia ní Róòmù.

Ibi tí ìmọ̀ yìí ti wọ Baroque hàn kedere nínú ìgbésí ayé ayàwòrán ilé Francesco Borromini. Bissone, létí adágún Lugano, ni wọ́n bí i sí ní 1599, láàárín àwọn tó ń gbẹ́ òkúta tí wọ́n sì ń kọ́lé. Iṣẹ́ òkúta gbígbẹ́ ló kọ́ ní Milan kó tó lọ sí Róòmù, níbi tó ti kọ́kọ́ jẹ́ agbẹ́kùúta ní ṣọ́ọ̀ṣì Peteru Mímọ́. Àtọdúnmọ́dún ni àwọn oníṣẹ́ Milan ti ń lo onígun mẹ́ta. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ kàtídírà ìlú náà ní 1386. Nígbà tí àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí bí yóò ṣe ga tó, wọ́n ránṣẹ́ pe Gabriele Stornaloco, onímọ̀ ìṣirò láti Piacenza, ní 1391. Onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba ló fi yanjú ọ̀rọ̀ náà. Èyí ṣẹlẹ̀ ní ohun tó lé ní 90 ọdún kí wọ́n tó bí Luther.

Ọgbọ́n kan náà ni Borromini lò fún ṣọ́ọ̀ṣì San Carlo alle Quattro Fontane ní Róòmù, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1638. Àwọn tó gbé iṣẹ́ náà fún un kì í ṣe Jésúìtì. Ẹgbẹ́ Mẹ́talọ́kan ni wọ́n, àwọn àlùfáà láti Sípéènì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa ra òǹdè padà, tí owó ọwọ́ wọn kò sì pọ̀. Ilẹ̀ náà kéré, ó wà ní ìkóríta. Ní orí ìwé, Borromini fi ìdí onígun mẹ́ta méjì tí ẹ̀gbẹ́ wọn dọ́gba kan ara wọn, ó ya òbìrí sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ti ibẹ̀ fa ìrísí ẹyin jáde. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà Serlio nìyẹn. Lókè, nínú òrùlé tó rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, ó gbẹ́ àgbélébùú, onígun mẹ́fà àti onígun mẹ́jọ tí wọ́n wọnú ara wọn bí afárá oyin. Bí wọ́n ṣe ń gòkè ni wọ́n ń kéré sí i, èyí sì ń mú kí òrùlé náà dà bí ẹni pé ó ga ju bó ṣe ga lọ. Funfun ni inú ilé náà, kò sí òkúta olówó iyebíye níbẹ̀. Ìwọ̀n ló ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Borromeo gan-an ni ẹni mímọ́ tí wọ́n sọ ṣọ́ọ̀ṣì náà ní orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrísí tí òun yàn ni wọ́n tẹ̀ lé níbẹ̀.

Ní Sant'Ivo, ṣọ́ọ̀ṣì yunifásítì Róòmù tí Borromini bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1640, onígun mẹ́ta méjì ló gba inú ara wọn kọjá títí wọ́n fi di ìràwọ̀ olórí mẹ́fà. Ìrísí náà gun ògiri lọ sínú òrùlé, ó sì ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di òbìrí lókè pátápátá.

Ní Turin, Guarino Guarini, àlùfáà ẹgbẹ́ Tíátínì, kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì San Lorenzo láti 1668. Ìwé ńlá kan lórí jiọ́mẹ́tìrì Euclid jáde láti ọwọ́ rẹ̀ ní 1671. Àwọn egungun òrùlé San Lorenzo ré ara wọn kọjá di ìràwọ̀ olórí mẹ́jọ, wọ́n sì fi onígun mẹ́jọ sílẹ̀ ní àárín fún ìmọ́lẹ̀. Irú egungun tó ń ré ara wọn kọjá bẹ́ẹ̀ ti wà nínú mọ́sálásí ńlá Córdoba ní Sípéènì láti àwọn ọdún 960. Ìmọ̀ tí Mùsùlùmí àti Kristẹni jọ mọ̀ lò kò lè jẹ́ ọmọ ìjà tó wà láàárín Àgùdà àti Luther.

Ipa tí ìjọ kó kì í ṣe kékeré. Póòpù, Kádínà àti ẹgbẹ́ àlùfáà ló pèsè ilẹ̀ àti owó. Àwọn ló yan ẹni mímọ́ tí a óò yà sára ògiri àti ẹ̀kọ́ tí àwòrán yóò kọ́ni. Ní ìparí ọ̀rúndún 17, Jésúìtì kan, Andrea Pozzo, fi ìmọ̀ ìwọ̀n ojú ya àwòrán òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì Sant'Ignazio ní Róòmù lọ́nà tí ojú fi ń rò pé ilé náà ṣí sí ọ̀run. Ṣùgbọ́n ohun tí Pozzo lò náà ti wà lọ́wọ́ àwọn ayàwòrán Ítálì láti ọ̀rúndún 15. Ìjọ ló fún ìrísí wọ̀nyí ní ìtumọ̀ àti ilé tí wọn óò gbé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ìrísí fúnra wọn ti ṣẹ̀ wá, ìwé Serlio àti ibi iṣẹ́ àwọn agbẹ́kùúta Milan ni kó kọ́kọ́ yà sí kó tó dé Trent.